Àgbò Tí Mo Lé Làálì Fún

Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró lójú ọ̀nà Ìkòròdú tí mo ń gbé báyìí, bàtà rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Inú máa ń bí ọkọ mi. Á ní, "Sìdí, ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ lò ń wò!" Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó jàre. Mo mọ̀ pé owó ara rẹ̀ ló fi ra bàtà yẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ ìsàlẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tó ti jẹ, mo sì mọ bí ilé rẹ̀ ṣe máa ń rí tí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ tí owó oṣù kò tíì wọlé. Ọmọ ọlọ́pàá ni mí, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Ọmọ Sàjẹ́ǹtì ni mí, ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú ilé bàbá bàbá mi tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọdún náà dùn o! Ó dùn débi pé tí mo bá ń rántí ẹ̀, n kì í lè jókòó sójú kan. Ó sì dùn mí náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ayọ̀.

Ilé wa kì í sùn pẹ́. Bí ládánì bá ti pe ìrun àsùnbáà tán, ìgbálẹ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lo máa gbọ́ tẹ̀ lé e, ṣàá, ṣàá, ṣàá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga. Lẹ́yìn náà lọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn apẹja á máa dún bọ̀ lórí ọ̀sà, pà-pà-pà-pà. Màámi, aránṣọ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á gbà á níbẹ̀. Tó bá wá kù díẹ̀ kí ojú mọ́ tán, búrọ́ọ̀ṣì tèmi náà á bẹ̀rẹ̀, torí èmi ni mo ń dan bàtà bàbá mi. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mi ò sì gbà fún ẹnikẹ́ni. Màá tutọ́ sí i, màá fi àkísà nù ún, títí màá fi rí eyín mi nínú rẹ̀. Bàbá mi á jáde síta nínú ṣòkòtò dúdú tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, á wo bàtà, á wò mí, á ní, "Kọ́míṣọ́nnà, ẹ ṣeun o." Yéè, orí mi á wú! Mo rò pé kò sí ẹni tó ju bàbá mi lọ nínú ayé yìí.

Àwọn nǹkan kan wà tí mò ń ṣe nígbà náà tí mi ò fi ọkàn sí. Màámi ló ń rán yunifọ́ọ̀mù bàbá mi, torí èyí tí wọ́n fún un nígbà tó wọṣẹ́ ti di àkísà tipẹ́, ìyẹn gan-an ni mo fi ń dan bàtà. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ ra bébà lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé wa. Mo rò pé bàbá mi fẹ́ràn ìwé kíkọ ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé bébà yẹn ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀ ní tésàn, pé ẹni tí wọ́n jà lólè pàápàá, òun ló ń ra bébà tó máa fi sọ pé wọ́n ja òun lólè, tí bàbá mi sì ń tijú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Kọ́púrù Sùlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, máa ń wá jẹun nílé wa, ẹnu ẹ̀ ni mo sì ti ń gbọ́ nǹkan. Á ní tí ẹni tí wọ́n fi sójú ọ̀nà kò bá mú nǹkan bọ̀ fún ọ̀gá lọ́jọ́ Jímọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, inú igbó ló máa lọ ṣọ́. Á ní mọ́tò tésàn kò ní epo, àfi kí ẹni tí wọ́n ń bá wá olè ra epo sí i. Á wá wo bàbá mi, á ní, "Sàjẹ́ǹtì, ìwà mímọ́ yín yìí, ẹ ò mà lè fi sebẹ̀ o!" Bàbá mi á bu ẹ̀bà, á ní, "Sùlé, a ó máa fi mu gàrí nígbà náà." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ.

Iléyá ló ń bọ̀ nígbà náà, ìyẹn ló sì ń ká Màmá Àgbà lára. Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wá. Ó ní láti ìgbà tí àwọn bàbá ńlá wa ti bá ọba wọn sá wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí Iléyá kan tí wọn ò dúńbú àgbò nínú ilé yìí. Owó oṣù bàbá mi kò sì tíì dé, oṣù kejì rèé. Ní àdúgbò wa, tí Iléyá bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọdé máa ń fa àgbò ilé wọn jáde nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa fà á yípo àdúgbò kí gbogbo ayé lè rí i. Wọ́n á jẹ́ kí wọ́n kàn, gbàù! Ariwo á sọ! Ọdún méjì ni mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wò wọ́n. Ní ilé kéú pàápàá, ọ̀rọ̀ àgbò kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan tí Álífáà ń kọ́ wa. Ó bi mí pé ọjọ́ wo là ń gbààwẹ̀ nínú oṣù Iléyá, mo ní ọjọ́ Iléyá. Háà! Pàṣán méjì ló kó bá ẹ̀yìn mi. "Ọjọ́ Àráfà, ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, là ń gbààwẹ̀! Ọjọ́ Iléyá, jíjẹ mímu ni! Haráàmù ni kéèyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá!" Gbogbo kíláàsì ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ilé. Mi ò tún gbàgbé ẹ̀ mọ́ láyé.

Ẹnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí àgbò tó dé. Bọ̀dá Múkáílà, ọlọ́kadà, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní ojúkojú ilé wa. Ọmọ Èjìnrìn ni wọ́n. Òun ló ń gbé mi lọ sílé ìwé láràárọ̀, kì í gbowó, torí Màámi ló ń bá a rán ṣòkòtò. Á fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, màá sì sáré jáde pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwé ni, ó yípadà, kò sì tíì dé oríta tí típà oníyanrìn kan fi kúrò lọ́nà tirẹ̀, tó wá bá a lọ́nà tòun. Mo gbọ́ ìró ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dá sí ọ̀nà méjì, ọ̀kadà náà sì rún wómúwómú. Dírẹ́bà sá lọ, wọ́n wọ́ típà lọ sí tésàn, bàbá mi ni wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà fún. Àwọn tó rí i ní oríta, kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ tésàn nínú wọn. Bọ̀dá Múkáílà nìkan ló kù tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé típà ló kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bàbá mi lọ bá a lórí ibùsùn, ó ní, "Múkáílà, jẹ́ kí ara kọ́kọ́ balẹ̀. Ìwọ ṣáà ti sọ ohun tójú ẹ rí, màá kọ ọ́, màá gbé e dé kóòtù." Bọ̀dá Múkáílà dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni mo ní o, Sàjẹ́ǹtì."

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, bàbá mi ti lọ ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì ní Agbówà, Màámi wà lọ́jà, èmi àti Màmá Àgbà nìkan ló wà nílé. Mọ́tò pupa kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ṣé ilé Sàjẹ́ǹtì rèé?" Mo ní òun ni. Ó lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó sì fa nǹkan sílẹ̀. Yéè, ẹ̀yin èèyàn mi! Àgbò! Funfun báláú, ìwo rẹ̀ lọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àyà rẹ̀ gbòòrò! Ọkùnrin náà ní, "Alhájì ní ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún." Mo bi í pé Alhájì wo, ó ní Alhájì oníyanrìn. Etí mi gbọ́ ọ, àmọ́ ọkàn mi kò sí nílé. Mo ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ mi: mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba okùn, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Màmá Àgbà kò bèèrè Alhájì kankan ní tiẹ̀, torí ní Ẹ̀pẹ́, bí o bá sọ òkò sójú ọjà, Alhájì ló máa bà. Ó tẹ́wọ́, ó ń ṣàdúrà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Áà, Àkànní ọmọ mi! Ilé yìí kò ní kan àbùkù!" Àkànní ni oríkì bàbá mi, òun nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Mo sọ àgbò náà ní Gbajúmọ̀. Mo fún un ní èèpo iṣu, mo fún un ní èèrí, mo fún un ní ẹ̀wà tó yẹ kí n jẹ. Làálì tí Màmá Àgbà pò láti fi lé ẹsẹ̀ ṣẹ́ kù nínú àwo, mo kó gbogbo ẹ̀, mo fi ya oṣù kan sí ìbàdí Gbajúmọ̀ ní apá òsì, mo sì ya ìràwọ̀ kan tì í. Ìràwọ̀ náà wọ́, ó dà bí alákàn, àmọ́ lójú tèmi, kò sí ohun tó dára tó o! Nígbà tí Màámi dé tó rí i, ó bi mí ní ẹni tó mú un wá. Mo sọ fún un.  Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì rán nǹkan kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní, "Sìdí, má fà á jáde o. Jẹ́ kí bàbá rẹ dé." Ẹ gbọ́, ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń wo àgbò ẹlòmíì fún ọdún méjì ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Bí ó ti wọlé lọ dáná báyìí, mo tú okùn.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn! Tí mo bá gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, mi ò lè rí irú ẹ̀ mọ́. Gbajúmọ̀ ń rìn bí ọba, èmi ń fà á, ogúnlọ́gọ̀ ọmọ ló tẹ̀ lé wa. Wọ́n ní, "Àgbò ta ni?" Mo ní, "Àgbò Sàjẹ́ǹtì!" Àgbò ilé Álífáà jáde síwájú, Gbajúmọ̀ fẹ̀yìn rìn, ó sáré, gbàù! Àgbò Álífáà yíjú padà, ó gba ilé lọ. Háà, wọ́n gbé mi sókè! Inú mi dùn débi tí mo fi fà á lọ tààrà sí iwájú ilé Bọ̀dá Múkáílà, torí òun ni ọ̀rẹ́ mi, mo sì fẹ́ kó bá mi yọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi pákó di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà án sórí àpótí. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí wa. Ó ní, "Sìdí, èwo lèyí? Bàbá ẹ ti gbowó oṣù ni?" Mo ní, "Rárá o! Alhájì oníyanrìn ló fún wa! Ọ̀fẹ́ ni!" Ẹ̀rín náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ó wo àgbò, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àgbò dáadáa ni. Ẹ kú ọdún." Ó sì pe ìyá rẹ̀ pé kó wá ran òun lọ́wọ́, òun fẹ́ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, bàbá mi dé. Mo sáré pàdé rẹ̀, mo fà á lọ́wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Kọ́míṣọ́nnà, ta ló ni ẹran yìí?" Mo ní tiwa ni. Ó ní, "Tiwa báwo?" Mo rò fún un tayọ̀tayọ̀, gbogbo ẹ̀, títí kan ibi tí Bọ̀dá Múkáílà ti sọ pé ẹ kú ọdún. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí ẹnu kànga. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohun tí etí mi ti gbọ́ láti àná: oníyanrìn. Màmá Àgbà jáde wá. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. "Àkànní, a kì í dá ọrẹ padà." Bàbá mi ní, "Màmá, kì í ṣe ọrẹ. Ẹsẹ̀ Múkáílà ni. Ẹ wò ó dáadáa, ẹsẹ̀ Múkáílà ni wọ́n so mọ́lẹ̀ yẹn." Màmá Àgbà ní, "Ṣé ìwọ lo fi típà kọ lù ú ni? Jẹ ẹran ẹ, kó o sì dá ẹjọ́ ẹ bó ṣe tọ́!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹnu tó bá ti jẹ dòdò, kò lè sọ òdodo. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Àgbà. Ó ní ọlọ́pàá mélòó ló wà ní Ẹ̀pẹ́ yìí tí ilé wọn kò ní àgbò? Kí ni kóun sọ fún ìdílé? Nígbà tó rí i pé bàbá mi ti ń tú okùn, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí! Ó ní, "Ó dáa, Ọlọ́pàá. Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín." Láti ọjọ́ náà, ó fi Àkànní sílẹ̀. Ọlọ́pàá ló ń pè é, ó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. "Ọlọ́pàá, oúnjẹ yín ti wà nílẹ̀ o." Ẹni tó bá mọ Yorùbá mọ̀ pé bí ìyá bá ń fi ẹ̀yin pe ọmọ rẹ̀, ó sàn kó gbá a létí.

Mo rò pé bàbá mi máa wá mọ́tò tó máa gbé Gbajúmọ̀ lọ. Rárá o. Ó ní, "Sìdí, ọ̀nà tó o gbà fà á ṣe fáàrí, ibẹ̀ la máa gbà dá a padà." Ó dúró kí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, kí ojú títì kún. Ó ní kí n dan bàtà òun. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó fi fìlà rẹ̀ dé orí, a sì jáde. Èmi ń fa okùn, mò ń sunkún, ikun ń bọ́ nímú mi. Ìgbà tí a dé iwájú mọ́sálásí ni Gbajúmọ̀ jókòó. Ó jókòó pátápátá! Mo fà á, kò dìde. Bàbá mi, Sàjẹ́ǹtì ìjọba, bẹ̀rẹ̀, ó fi èjìká ti ìdí àgbò, fìlà rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń jáde láti mọ́sálásí dúró. Ẹnì kan ní, "Sàjẹ́ǹtì, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?" Bàbá mi gbójú sókè, òógùn bò ó, ó ní, "Rárá o, mo fẹ́ dá a padà fún olówó ẹ̀ ni. Ó ní ẹjọ́ lọ́wọ́ mi!"  Ẹ̀rín bú jáde, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ká aṣọ sókè, wọ́n bá wa tì í. Èmi tí mò ń sunkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, ìrìn yẹn wá dùn ju ti àná lọ!

Alhájì fúnra rẹ̀ jáde sẹ́nu géètì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bínú. Ó ní, "Sàjẹ́ǹtì, ọdún ni mo fi kí yín, kì í ṣe ẹjọ́." Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹjọ́ kọ́kọ́ tán, Alhájì. Ọdún á tún wá." Alhájì gba okùn lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ pa Gbajúmọ̀ lórí. Ó ní, "Kò burú. Ẹran yìí kò ní ṣòfò, ó mọ ilé tó kàn." Bí a ṣe dé àdúgbò wa, bàbá mi ya ilé Bọ̀dá Múkáílà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá rẹ̀ ti gbé e sọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n ti lọ sí Èjìnrìn. Wọ́n ní Bọ̀dá Múkáílà ní òun kò ní ẹjọ́ kankan mọ́.

Mi ò tíì wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rí kí ó tó di ọjọ́ kejì. Bàbá mi gbé mi sí iwájú, omi ń ta sí mi lójú, mò ń kígbe, apẹja tó wà á ń rẹ́rìn-ín mi. Ní Èjìnrìn, Bọ̀dá Múkáílà dùbúlẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ igi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Bàbá mi kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Sìdí, rò fún un." Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti mú àgbò wá, mo rò ó dé ibi tí Gbajúmọ̀ ti jókòó níwájú mọ́sálásí, tí fìlà ìjọba fi bọ́. Mo fi ara ṣe é hàn án. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìgbà tó yíjú sí wa, ẹ̀rín ló ń rín, ó ní kí n dákẹ́ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ń dun òun! Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sàjẹ́ǹtì, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin dá tiyín padà. Ọ̀gá yín ńkọ́?" Bàbá mi ti ọwọ́ bọ àpò. Ó ní, "Ìyá, tèmi ni mo lè dá padà." Ó mú bébà tí mo rà jáde, ó ní kí Bọ̀dá Múkáílà sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bọ̀dá Múkáílà fọwọ́ sí méjèèjì, bàbá mi mú ọ̀kan, ó ní kó fi èkejì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mi ò mọ ìdí ẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ Iléyá pé. A lọ sí yídì, Màámi fi àgékù aṣọ àwọn oníbàárà rán búbá aláràbarà fún mi, mo sì ń tàn yanran. Nílé wa, kò sí ariwo ẹran, kò sí òórùn ẹran. Àṣà wọn ní tésàn ni pé tí wọ́n bá ti kírun ọdún tán, kí wọ́n lọ kí ọ̀gá nílé rẹ̀ lẹ́yìn tésàn. Bàbá mi mú mi dání. Kì í ṣe Mùsùlùmí ni ọ̀gá náà, kì í sì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú pẹ́, ó gbọ́ èdè wa. Ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀! Ó gbé mi sókè, ó fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ní kí n kí òun dáadáa. Òórùn ẹran díndín gba gbogbo ilé náà, itọ́ kún ẹnu mi. Kọ́púrù Sùlé ti wà lórí ìjókòó, ó ń jẹ. Mo wá yíjú síta, sí ibi ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti sá awọ ẹran kan sórí rẹ̀ nínú oòrùn. Awọ funfun ni. Ní apá òsì ìbàdí rẹ̀, mo rí oṣù kan, mo sì rí ìràwọ̀ kan tó dà bí alákàn.

 Mo fa aṣọ bàbá mi, mo nawọ́. Ó wò ó. Ojú rẹ̀ kò yípadà, àmọ́ ó pẹ́ kó tó yíjú padà. Ìgbà yẹn ni ìyàwó ọ̀gá gbé àwo méjì dé, ìrẹsì àti ẹran, ẹran náà ga bí òkìtì. Ọ̀gá ní, "Sàjẹ́ǹtì, jẹun jọ̀ọ́. Ọdún yín ni." Gbogbo ojú wà lára bàbá mi. Bó bá kọ oúnjẹ ọ̀gá, ó ti bú u lójú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ ẹ́, mo ti mọ ohun tó máa jẹ. Bàbá mi, ẹni tí mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mò ń gbààwẹ̀ ni." Ọwọ́ Kọ́púrù Sùlé dúró láàárín àwo àti ẹnu. Ó wo bàbá mi. Ọmọ Mùsùlùmí ni Sùlé, ó mọ ohun tí Álífáà fi pàṣán kọ́ mi. Ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ìwọ kékeré ńkọ́?" Ebi ń pa mí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́! Ẹran náà wà níwájú mi, ọ̀rá ń kán lára rẹ̀. Mo wo awọ tó wà lórí ọgbà. Mo ní, "Èmi náà ń gbààwẹ̀, sà." Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó ní àwa Mùsùlùmí mà lágbára o! Sùlé wo èmi náà. Ó ti ẹran bọ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́ nìṣó, kò sì gbójú sókè mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló ń sọ àwọn ọlọ́pàá dà báyìí, ṣé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn? Mo máa ń ní kí wọ́n má di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Ìjọba tí kì í ra bàtà mọ̀ nípa ẹ̀. Ọ̀gá tó ń retí nǹkan ní ọjọ́ Jímọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀. Sùlé kì í ṣe èèyàn burúkú, ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì rí i pé ẹni tó jẹ àti ẹni tí kò jẹ, inú igbó kan náà ni wọ́n máa lọ ṣọ́. Àwa tó wà nílé náà ńkọ́, tí a fẹ́ àgbò? Rìbá kò gba ojú tésàn wọ ilé wa. Ẹnu ọ̀nà wa ló gbà wọlé, èmi ni mo fi ọwọ́ méjèèjì gba okùn rẹ̀, tí Màmá Àgbà sì ṣàdúrà sí i. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ bàbá mi, típà kúrò ní tésàn, wọ́n sì gbé bàbá mi lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú. Bí a ṣe dé ìlú yìí nìyẹn. Bébà kejì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ni Bọ̀dá Múkáílà gbé lọ bá lọ́yà. Ó pẹ́ o, ó pẹ́ gan-an, àmọ́ Alhájì ra ọ̀kadà fún un, ó sì sanwó ẹsẹ̀ tí ó ń tiro títí di òní.

Àmọ́ kí n padà sí ọjọ́ Iléyá. A ń rìn lọ sílé, èmi àti bàbá mi, ọ̀sán gangan, òórùn ẹran ń jáde láti gbogbo ojúlé, ikùn mi ń ké. Mo ní, "Bàbá mi, Álífáà ní haráàmù ni kéèyàn gbààwẹ̀ lónìí." Ó ní, "Mo mọ̀, Kọ́míṣọ́nnà. Ọlọ́run á dárí jì wá." A wo ara wa, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀, a rín in débi tí a fi di ara wa mú lójú títì. Bí a ṣe wọlé, Màmá Àgbà wà nídìí iná, kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọlọ́pàá, ẹ kú àbọ̀. Ṣé wọ́n fún yín lẹ́ran lọ́dọ̀ ọ̀gá?"  Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé Gbajúmọ̀ ni wọ́n pa, pé mo rí làálì mi lára awọ rẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n gbé e fún wa, a ní a ń gbààwẹ̀. Ṣíbí ọbẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó wò ó láti orí dé bàtà. Ó ní, "Ààwẹ̀? Lọ́jọ́ Iléyá?" Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó ṣí ìkòkò, ìkókoré àti ẹja ọ̀bọ̀kún ló wà níbẹ̀. Ó bù ú sí àwo tí bàbá àgbà máa ń fi jẹun nígbà ayé rẹ̀, àwo tí wọn kì í gbé fún ẹnikẹ́ni, ó fọwọ́ nu ojú, ó sì gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Àkànní, wá ṣínu."